Oúnjẹ Ọ̀sán Ọgbọ̀n Ọjọ́

Ẹni tó bá sọ pé òkú kì í béèrè oúnjẹ, kò tíì bá ìyá ọkọ mi gbélé. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin wọ́n ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Kì í ṣe lóru o, mi ò sì sọ̀rọ̀ àlá. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí oòrùn bá dúró sí àárín orí, tí àdúgbò bá pa rọ́rọ́, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò tíì dé. Màá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá sì gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ fún ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti jẹ́ ìyàwó ilé wọn: "Ìyàwó, kí la ó jẹ lọ́sàn-án?"

Orúkọ mi ni Roqeebah. Aránṣọ ni mí ní Ẹdẹ níbí, nínú agbo ilé ọkọ mi. Abdulmujeeb lorúkọ ọkọ mi. Iṣu ló ń lọ kó ní Ara àti ní Ṣẹkọ́nà, tó ń tà á fún àwọn ará Òṣogbo. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Aqeelah, ó wà ní yunifásítì ní Ìlọrin. Nítorí náà, èèyàn mẹ́ta péré là ń gbé ilé yẹn kí Màmá tó kú: èmi, ọkọ mi, àti Màmá fúnra wọn, Kúlúsúmù, ẹni tó fẹ́ràn oúnjẹ ju bí mo ṣe rí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn ohunkóhun rí.

Mi ò fi ìyẹn bú wọn. Bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán, oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n ń rò. Bí a bá ti jẹ tọ̀sán, kí n tó fọ abọ́, wọ́n á ti dé orí tàlẹ́. "Ìyàwó, bí a bá jẹ ẹ̀bà lọ́sàn-án, a ò tún lè jẹ fùfú lálẹ́, inú á le. Ṣé ọ̀ọ̀lẹ̀ ni ká ṣe ni? Ẹ̀wà ṣì wà nílẹ̀?" Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á wá máa pàṣẹ iyọ̀ àti ata fún mi. Ó máa ń bí mi nínú, ó sì tún máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn dùn gan-an. Èmi tí mo ń ṣẹnu yìí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń se ẹ̀gúsí tí kò fi ní í já.

Ìgbà tí àtọ̀gbẹ dé ni nǹkan yí padà. Nọ́ọ̀sì kan kọ gbogbo ohun tí Màmá lè máa jẹ sínú ìwé, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń dáná? Ọwọ́ yín ni ẹ̀mí wọn wà o." Kò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá fi nǹkan lé mi lọ́wọ́, èmi kì í ṣe é ní àbọ̀. Mo lẹ ìwé náà mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lọ́sàn-án, àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí kò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹja. Lálẹ́, ẹ̀wà díẹ̀ tàbí ọ̀ọ̀lẹ̀ ẹyọ kan, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyán kò sí níbẹ̀. Ìrẹsì funfun kò sí níbẹ̀. Mínírà, ká má tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Mo wá abọ́ rọ́bà kékeré kan tí mo fi ń wọn oúnjẹ wọn. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí abọ́ náà, wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ológbò la fẹ́ máa sìn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò pààrọ̀ abọ́.

Wọ́n gbìyànjú gbogbo ọ̀nà. Wọ́n fi ṣúgà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n ní káwọn aládùúgbò bá àwọn ra búrẹ́dì. Mo fi àgádágodo sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, mo so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ìró mi. Àwọn obìnrin agbo ilé ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé Roqeebah ń febi pa ìyá ọkọ ẹ̀. Mo gbọ́. Mo ní kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún kejì dé, dókítà ní Màmá kò gbọ́dọ̀ gbà á rárá, ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Ọdún méjì ni mo fi ṣọ́ ẹnu obìnrin tó kọ́ mi bí a ṣe ń dáná.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ara ni. Ọkọ mi gbé mẹ́fà wọlé, Màmá sì rí i. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bẹ̀ mí. "Ìyàwó, ìyán díẹ̀. Òkèlè mẹ́ta péré, kí n kàn fi tọ́ ọ wò. Iṣu tuntun ni." Mo ní rárá. Wọ́n tún bẹ̀. Wọ́n fi bàbá mi tó ti kú bẹ̀ mí. Oníbàárà kan ń dúró de aṣọ rẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, ooru ń mú, ara mi gbóná. Mo gbé àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kalẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Màmá, bí ẹ bá fẹ́ kú, ẹ má kú sí mi lọ́wọ́." Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Nígbà tí mo lọ pè wọ́n fún ìrun alásárì, wọ́n ti lọ. Ibi tí mo fi wọ́n sí náà ni wọ́n jókòó sí. Wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ náà. Màmá tó fẹ́ràn oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ kú tebi-tebi nínú ilé tí iṣu mẹ́fà wà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì gbọ́ kẹ́yìn láyé, ẹnu mi ló ti jáde.

Ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi bá ohùn náà jiyàn nígbà tó dé.

Bó bá jẹ́ ohùn nìkan ni, ǹ bá rọ́jú. Odó wa wà lẹ́yìnkùlé, mo ti dojú rẹ̀ délẹ̀ láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti kọ ìwé fún wa. Ní ọ̀sán, màá gbọ́ ọ tí wọ́n ń gúnyán níbẹ̀: gbì, gbì, gbì. Màá sáré débẹ̀. Odó á ṣì dojú délẹ̀, á gbẹ táútáú, aláǹgbá á sì dùbúlẹ̀ sórí ìdí rẹ̀. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní ilé kejì ni wọ́n ti ń gúnyán. Mo lọ bi wọ́n ní ilé kejì, wọ́n ní láti Iléyá àwọn ò tíì gún ìyán. Mo padà wálé, mi ò sọ èsì yẹn fún un. Oúnjẹ tèmi náà kò wá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ mọ́. Bí mo bá bu òkèlè, á dà bíi pé ẹnì kan ń wo ọwọ́ mi láti ẹnu ọ̀nà.

Àfáà tó ń ṣe àdúà fún wa ló mú ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ wá. Ó jókòó sí pálọ̀ wa lọ́jọ́ kan, ó béèrè bóyá ààwẹ̀ kankan kù sí Màmá lọ́rùn. Mo ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ó ní, "Ẹ fi oúnjẹ bọ́ aláìní kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọn ò gbà. Ẹ lè kó ọgbọ̀n èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ sì lè máa bọ́ ẹnì kan lójúmọ́ títí yóò fi pé."

Ọkọ mi ní, "Ká se ìrẹsì ìkòkò ńlá kan lọ́jọ́ Jímọ̀, ká pín in, ó parí."

Mo ní, "Rárá o, Bàbá Aqeelah. Màá máa sè é lójoojúmọ́."

"Ọgbọ̀n ọjọ́? Iṣẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Iṣẹ́ á dúró."

Mi ò sọ fún un pé ààwẹ̀ kọ́ ló ń dà mí láàmú. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí Màmá dárí jì mí. Mi ò mọ ibi tí èèyàn ti ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ òkú. Mo rò pé bóyá ilé ìdáná ni.

Mo ránṣẹ́ sí mọ́ṣáláṣí pé kí wọ́n bá mi wá ẹnì kan tí kò rí jẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo se ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n pèrun ọ̀sán ni ìyá arúgbó kan wọlé, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n mú ọ̀pá dání. Wọ́n béèrè bóyá ibí ni wọ́n ti ń fúnni lóúnjẹ. Mo ní ibí ni, kí wọ́n jókòó. Wọn ò wo àga náà rárá. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n lọ tààrà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri níbi tí ẹ̀yìn Màmá ti sọ di dúdú, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n gbójú sókè sí mi.

"Ìyàwó, kí la ó jẹ?"

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́ yángá.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Kò sí arúgbó kan ní Ẹdẹ tí kì í pe obìnrin ilé ní ìyàwó. Òórùn ọbẹ̀ ló fa ìyá náà débẹ̀. Ibẹ̀ tutù ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ fún ara mi bí mo ṣe ń gbá àfọ́kù àwo jọ. Ara mi kò gbà á. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn, mo kàn gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀, wọ́n fi ìka nu abọ́. Wọ́n ní Qúdrát ni orúkọ wọn, pé Alájùé làwọn ń gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin àwọn, wọ́n sì ṣàdúà fún òkú ilé wa. Nígbà tí wọ́n dìde, mo gbójú sókè, mo béèrè ohun tí wọ́n máa fẹ́ jẹ lọ́la. Mi ò mọ̀gbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ojú wọn tàn.

"Bí iṣu bá wà nílé," wọ́n ní, "ìyán."

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí odó náà sójú, mo fọ̀ ọ́, mo gúnyán fúngbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún méjì. Ọwọ́ mi bó. Ọ̀sán gangan dé, ó kọjá, mi ò gbọ́ ohùn Màmá. Mi ò gbọ́ ìró odó kankan àyàfi èyí tí mò ń gún. Ìyá Alájùé jókòó sí àyè Màmá, wọ́n ń gbé òkèlè mì, èmi náà jókòó sí òdìkejì, mo bu tèmi, oúnjẹ sì gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Mo ní nínú mi pé, Màmá, ẹ ti wá jẹun.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí Ìyá Alájùé bá ti jẹun tán, a ó jọ ṣètò tọ̀la, bí èmi àti Màmá ṣe máa ń ṣe kí ìwé nọ́ọ̀sì tó dé. Wọ́n fẹ́ ìrẹsì àti dòdò tó pọ́n dáadáa. Wọ́n fẹ́ dùndún. Wọ́n fẹ́ ògì gbígbóná tí ṣúgà rẹ̀ hàn lẹ́nu, pẹ̀lú àkàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ni. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń fi mínírà tútù tì í, tí mo sì máa ń di tàlẹ́ sínú kúlà fún wọn láti gbé lọ. Gbogbo ohun tí mo fi du Màmá fún ọdún méjì ni mo ń sè. Mi ò dá ohunkóhun sí. Ìwé ara ilẹ̀kùn, mo ti ya á.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, Màmá túbọ̀ ń fara hàn lára wọn. Wọ́n ń mu omi bí Màmá ṣe ń mu ún, ife mẹ́ta, ife mẹ́rin, kí òkèlè tó wọlé. Wọ́n ń tòògbé níbi tí wọ́n jókòó sí, àgbọ̀n lórí àyà, bíi Màmá. Wọ́n ń lọ tọ̀ lẹ́yìnkùlé léraléra. Ní ọjọ́ kejìlá, mo lọ da omi abọ́ nù níbẹ̀, mo sì rí eèrà. Kí dókítà tó sọ ohun tó ń ṣe Màmá nígbà yẹn, eèrà ló kọ́kọ́ tú àṣírí: ibi tí Màmá bá tọ̀ sí, wọ́n á bò ó ṣùṣù. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, mi ò tíì rí eèrà kan níbẹ̀. Eèrà ti wá padà o, lẹ́bàá ògiri kan náà, wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú oòrùn. Mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, èmi Roqeebah, mo ń bá eèrà sọ̀rọ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ máa jẹun, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ ẹ́ tẹ́rùn."

Ọkọ mi kì í sábà wà nílé lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ tó wà nílé, ó wo Ìyá Alájùé títí wọ́n fi jáde.

"Roqeebah, ìyá yìí ń rù o. Pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ tí ò ń fún wọn yìí? Wọ́n tún ń tiro."

"Òkúta ló gún wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sọ fún mi. Egbò kékeré ni."

"Níbo wá ni oúnjẹ náà ń gbà lọ?"

Mo ní kó fi àwọn àgbà sílẹ̀. Èmi mọ ibi tó ń gbà lọ. Kò lè hàn lára Ìyá Alájùé, nítorí ẹlòmíràn ló ń jẹ ẹ́. Bí mo ṣe gbà á gbọ́ nìyẹn, tọkàntọkàn, àárín ọ̀sán gangan, tójú mi là sílẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, bí a ṣe ń ṣètò tọ̀la, Ìyá Alájùé ní, "Ìyàwó, ìyán lọ́la. Ẹ̀gúsí ni kó o sè sí i." Ẹ̀gúsí ni ọbẹ̀ tí Màmá fẹ́ràn jù láti fi jẹ ìyán. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí."

Wọ́n ní, "Kí lo ṣe?"

"Ẹ ṣáà sọ pé ẹ dárí jì mí."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ọwọ́ náà gbẹ, ó sì gbóná. "Mo dárí jì ẹ́, Ìyàwó. Ìwọ tí o kì í fi oúnjẹ dù mí."

Mo sunkún títí mo fi ń ṣe òsúkè. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ mi, mo rán aṣọ mẹ́ta parí, mo ń kọrin. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí láàárín èmi àti Màmá.

Lọ́jọ́ kejì, mo gúnyán, mo se ẹ̀gúsí. Wọ́n pèrun ọ̀sán, ẹnikẹ́ni ò wá. Ìyán bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọbẹ̀ dì. Mo jáde lọ síta ní ìgbà mẹ́rin láti wo ọ̀nà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n pèrun alásárì, mo wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wo ẹ̀yìnkùlé. Odó wà níwájú mi. Ọmọ odó fara ti ògiri, mo rí i kedere. Mo sì gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ mi wọlé láìkàgò. Kúlà mi ló gbé lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì ìgéṣọ mi, ó ṣí i. Dòdò ìjẹta ṣì kù nínú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni èyí?"

Mo ní èmi ni. Mo ní kí ló ṣe Ìyá.

"Ọmọ wọn ni mí. Mubarakah. Ìyá mi wà ní ọsibítù láti àná, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà." Ó na ìka sí kúlà náà. "Àtọ̀gbẹ ni wọ́n ní. Ọdún mẹ́fà! Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu wọn. Wọ́n ní àwọn ń lọ gbọ́ wáàsí ní mọ́ṣáláṣí lọ́sọ̀ọ̀sán, mo gbà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn ni mo ti bá kúlà yìí lánàá, àwọn ará mọ́ṣáláṣí ló sì júwe ilé yín fún mi. Mo tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọn ò yọ mí lẹ́nu nítorí ìyán mọ́."

"Wọ́n ní àwọn ò rí jẹ," ni mo wí.

"Wọ́n rí jẹ! Ohun tó wù wọ́n ni wọn ò rí jẹ." Ó wo inú ilé ìdáná mi, ó wo ìkòkò, ó wo àwọn ìgò mínírà. Ó wá wò mí. "Ẹ̀yin náà ò ha rí wọn ni? Ṣé ẹnì kan ò ní àtọ̀gbẹ rí nílé yín ni, tí ẹ ò fi mọ àmì ẹ̀?"

Kí ni kí n sọ? Mo mọ àmì rẹ̀ bí ẹní mowó. Òùngbẹ, oorun, ìtọ̀, rírù, egbò tí kò jinná, eèrà. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Èèyàn ààyè ń kú lọ níwájú mi, èmi ń kí òkú káàbọ̀. Ojú tì mí débi pé mo bo orí mi pẹ̀lú aṣọ oníbàárà.

Mubarakah ní, "Dókítà ń béèrè ohun tí wọ́n ti ń jẹ. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ dìde."

Mo tẹ̀ lé e. Mo dúró níwájú tábìlì nọ́ọ̀sì, mo ka oúnjẹ ọjọ́ méjìlélógún sílẹ̀, tọ̀sán tàlẹ́, mi ò gbàgbé ẹyọ kan. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́, kọ ọ́, nígbà tó yá ó dáwọ́ ìkọ̀wé dúró, ó kàn ń wò mí. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Alájùé sùn gbalaja, ẹnu wọn là sílẹ̀, omi ń kán wọ̀ wọ́n lára. Wọn ò jọ Màmá rárá. Imú wọn gùn, ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Mo ti ń wo ojú yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Ọjọ́ kẹta ni Ìyá Alájùé tó lajú. Àwọn dókítà ní ẹsẹ̀ tí egbò wà, àwọn á máa wò ó ná, pé bí ṣúgà bá wálẹ̀ tí kò sì gòkè mọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má gé e. Oúnjẹ lọ̀rọ̀ kù sí. Mubarakah kì í fẹ́ rí mi lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ó lé mi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, kò lè fi kíláàsì sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán, kò sì ní ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́. Ó fi ìwé nọ́ọ̀sì lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bí ẹ bá yà kúrò nínú eléyìí, èmi àti ẹ̀yin la ó jọ rojọ́ níwájú Ọlọ́run."

Mo ro àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo se ẹ̀fọ́, mo fi ẹja sí i, iyọ̀ kò pọ̀. Bí mo ṣe ń rò ó lórí iná, ohùn Màmá dé láti ẹnu ọ̀nà, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè. Ẹ̀rù ṣì bà mí. Ṣùgbọ́n mi ò yíjú padà, mi ò sì dá ọwọ́ dúró. Mo sọ fún wọn pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Mo ní ẹ̀fọ́ ni a ó fi jẹ ẹ́.

Ìyá Alájùé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí mo wọlé, ìrọ̀rí lẹ́yìn wọn. Wọ́n rí mi, ojú wọn tàn bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí kúlà náà. Mo ṣí i. Wọ́n wo inú rẹ̀ títí, wọ́n wá ká ọwọ́ wọn padà.

"Ìyán tí mo ní kó o gún ńkọ́?"

"Mi ò gún un mọ́, Màmá."

"Díẹ̀ ni mo fẹ́. Mubarakah ò sí níbí. Ta ló máa mọ̀?"

"Màmá, mi ò ní í gún un."

Omi dà sí wọn lójú. Wọ́n gbé ojú sí ògiri. "Ìwọ náà ti dà bíi wọn. Mo rò pé ìwọ nìkan ni èèyàn tó kù fún mi láyé." Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò ròkè. "Àforíjì tí mo fún ẹ lọ́jọ́sí, mo gbà á padà. Gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbà á padà, Ìyàwó."

Ó dùn mí dé eegun. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ se oúnjẹ ọjọ́ méjìlélógún nìyẹn, òun náà ni mo tìtorí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn, ó sì ti lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà nílé, iṣẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀. Mo lè gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú wọn kí n máa lọ. Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fọ ọwọ́ mi, mo bu òkèlè kékeré kan, mo fi kó ẹ̀fọ́.

"Ẹ gbà á padà, Màmá," ni mo wí. "Ẹ máa bínú sí mi lọ, ó wù mí kí ẹ bínú sí mi fún ogún ọdún sí i. Ṣùgbọ́n ẹ lanu."

Wọ́n wò mí títí, pẹ̀lú omi lójú, kí wọ́n tó lanu.